Ta Ni Ó Jẹ Gbèsè, Ta Ni A Mú?

Nígbà tí àwọn àgbààgbà tí ń ṣàkóso eré ìdárayá ní orílẹ̀-èdè kan bá ṣẹ̀, tí àjọ àgbáyé sì jáwèé gbélé-ẹ fún àjọ wọn, àwọn òmùwẹ̀ orílẹ̀-èdè náà, tí ẹnikẹ́ni kò pè sí ìpàdé, tí ẹnikẹ́ni kò sì bi léèrè ọ̀rọ̀, ni à ń gba orúkọ ìlú wọn lọ́wọ́ wọn. A óò ní kí wọ́n máa bọ̀ ní ibi ìdíje, ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe gbé àsíá ilé wọn dání. A óò ní kí wọ́n lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n kí olùkéde má ṣe pe orúkọ ilẹ̀ tí a gbé bí wọn. Àwọn tí ó gbé ìlànà yìí kalẹ̀ ń pè é ní àánú. Èmi ń pè é ní èmú, n ó sì fi ìdí rẹ̀ hàn.

Ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà, èmú, ṣàjèjì ní etí ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ òde òní. Àwọn mìíràn a máa pè é ní àmúyá. Nínú àwọn ọ̀nà tí àwọn baba wa ń gbà gba owó tí ẹ̀bẹ̀ kò bá mú jáde, méjì ni mo fẹ́ mẹ́nu bà níhìn-ín. Èkíní ni kí a dógò ti ajigbèsè. Ológò yóò lọ sí ilé ẹni tí ó jẹ gbèsè gan-an, yóò jókòó sí ẹnu ọ̀nà, yóò máa pariwo, yóò máa pàṣẹ oúnjẹ, yóò sì fi ìnira bá gbogbo agbo ilé títí owó yóò fi jáde. Èkejì ni èmú. Bí ajigbèsè bá wà ní ìlú mìíràn tí ọwọ́ kò tó o, ẹni tí a jẹ ní gbèsè yóò mú ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ìlú náà wá, ìbáà ṣe oníṣòwò tí ń kọjá lọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, ìbáà ṣe obìnrin tí ó ru ẹrù ọjà. Yóò dá a dúró, yóò sì ránṣẹ́ sí ìlú rẹ̀ pé ọjọ́ tí gbèsè bá wọlé ni ẹni yìí yóò tó padà. Ẹni tí ó bá ka ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ parí ní ọdún 1897, tí a sì tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, yóò bá ọ̀rọ̀ àwọn àṣà wọ̀nyí pàdé níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí ìyàtọ̀ àárín méjèèjì. Ológò le, ojú ń ti ènìyàn níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ gbèsè ni ó ń jókòó sí. Èmú kò wá ajigbèsè lọ rárá. Ará ìlú rẹ̀ ni ó ń mú. Gbogbo agbára rẹ̀ wà lọ́wọ́ ìtìjú: à ń retí pé ojú yóò ti ajigbèsè nígbà tí ó bá gbọ́ pé ọmọ ọlọ́mọ wà ní àhámọ́ nítorí òun. Bí ajigbèsè náà kò bá wá ní ìtìjú ńkọ́? Ọmọ ọlọ́mọ ni yóò jẹ ìyà náà ní àjẹtán. Àṣà yìí ni ó máa ń sọ ọ̀nà ọjà di eléwu, tí ó sì máa ń dá ìjà sílẹ̀ láàrin ìlú sí ìlú. Ó ti kásẹ̀ nílẹ̀, n kò sì tíì rí ẹni tí ń sunkún rẹ̀. Kí ni ó wá dé tí a fi tún gbé e dìde ní etí adágún ìlúwẹ̀ẹ́?

Kí a má baà sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí a wo orílẹ̀-èdè Kùwéètì, ní ilẹ̀ àwọn Lárúbáwá. Ní oṣù kìíní ọdún 2010, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé jáwèé gbélé-ẹ fún ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Kùwéètì, nítorí òfin ilẹ̀ náà tí ó fún ìjọba láyè láti dá sí bí a ṣe ń yan àwọn olórí eré ìdárayá. Nígbà tí ìdíje gbogbo ilẹ̀ Éṣíà wáyé ní Guangzhou, ní ilẹ̀ Ṣáínà, ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, abẹ́ àsíá Òlíńpíìkì ni àwọn eléré Kùwéètì gbà wọlé. A tú ìdè náà ní ọdún 2012, kí Òlíńpíìkì ìlú London tó bẹ̀rẹ̀. Kò pé ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà tí ìjà kan náà tún fi hù. Ní ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹwàá ọdún 2015, FIFA, tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, dá Kùwéètì dúró. Ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù náà, Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Oṣù kẹjọ ọdún 2018 ni wọ́n tó tú ìdè náà ní àbọ̀, ó sì di ọdún 2019 kí wọ́n tó tú u pátápátá.

Láàrin ìgbà náà ni Òlíńpíìkì Rio de Janeiro ti ọdún 2016 bọ́ sí. Eléré mẹ́sàn-án láti Kùwéètì ni ó dé ibẹ̀. Mẹ́fà jẹ́ ayìnbọn, ẹnì kan jẹ́ afidàjà, méjì tí ó kù sì jẹ́ òmùwẹ̀. Abbas Qali lúwẹ̀ẹ́ 100 mítà, irú èyí tí à ń pè ní labalábá. Faye Sultan, obìnrin, lúwẹ̀ẹ́ 50 mítà. Ẹ ṣàkíyèsí Faye Sultan yìí dáadáa. Ó ti lúwẹ̀ẹ́ 50 mítà yìí kan náà ní London ní ọdún 2012, Kùwéètì ni wọ́n sì kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nígbà náà. Ní ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà, obìnrin kan náà, omi kan náà, ìwọ̀n kan náà, lẹ́tà mẹ́ta ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀: IOA. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni Eléré Òlíńpíìkì Olómìnira. Kí ni obìnrin yìí ṣe láàrin ọdún méjèèjì tí a fi gba ilé rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀? Òun kọ́ ni ó ṣe òfin ní ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Kùwéètì. Òun kọ́ ni ó ń bá mínísítà du ipò. Omi ni ó ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀.

Nínú àwọn ayìnbọn tí mo mẹ́nu bà, ọ̀kan wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo ọ̀ràn yìí. Fehaid Al-Deehani ni orúkọ rẹ̀. Ó ti gba idẹ fún Kùwéètì ní Sydney ní ọdún 2000, ó sì tún gba idẹ ní London ní ọdún 2012. Ní Rio, wọ́n ní kí ó gbé àsíá Òlíńpíìkì ṣáájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ìṣíde. Ó kọ̀, nítorí pé ọmọ ogun ni òun, àsíá Kùwéètì nìkan ni òun lè gbé. Lẹ́yìn náà ni ó bọ́ sórí pápá, ó yìnbọn, ó sì gba wúrà, èyí tí eléré aláìlórúkọ-ìlú kankan kò gbà rí ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí ó gun orí àga ọlá, àsíá Òlíńpíìkì ni wọ́n fà sókè, orin Òlíńpíìkì ni wọ́n sì kọ. Wúrà dé, ṣùgbọ́n ilé tí wúrà náà ń lọ kò gbọ́dọ̀ ní orúkọ.

Àwọn kan lè sọ pé kí ni ó wà nínú orúkọ tí mo fi ń pariwo tó báyìí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oríkì ní yunifásítì, ohun tí mo sì máa ń tẹnu mọ́ fún wọn lọ́dọọdún ni pé oríkì kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí apohùn bá rí ènìyàn pàtàkì lójú agbo, kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹni náà ṣe. Yóò kọ́kọ́ kì í dé orírun. Yóò dárúkọ ìlú, yóò dárúkọ baba tí ó bí baba. Ìgbà tí ó bá ti fi ẹsẹ̀ ẹni náà múlẹ̀ tán ni yóò tó ròyìn iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Àwọn baba wa mọ̀ pé iṣẹ́ tí kò ní ibi tí ó ti wá, kò ní ibi tí a óò gbé ìyìn rẹ̀ padà sí. Orúkọ orílẹ̀-èdè tí olùkéde ń pè kí òmùwẹ̀ tó bẹ́ sómi, oríkì orírun ni ní ayé òde òní. Ọmọ kékeré tí ó jókòó ní ìdí tẹlifíṣọ̀n ní ilé yóò gbọ́ orúkọ náà, yóò sì mọ̀ pé apá kan lára òun wà nínú omi ọ̀hún.

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ṣiyè méjì lórí èyí, kí ó rántí Eric Moussambani, ọmọ Equatorial Guinea, orílẹ̀-èdè kékeré tí kò jìnnà sí wa. Ní Òlíńpíìkì Sydney ní ọdún 2000, ó dé ibi ìdíje 100 mítà nípa ètò tí a fi ń pe àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ohun èlò tó. Àwọn méjì tí ó yẹ kí wọ́n jọ lúwẹ̀ẹ́ bẹ́ sómi kí àkókò tó tó, wọ́n sì lé wọn kúrò. Òun nìkan ni ó wá wà nínú adágún ńlá náà. Ìṣẹ́jú kan àti ìṣẹ́jú-àáyá 52.72 ni ó lò, ó ju ìlọ́po méjì àkókò àwọn ọ̀gá lọ. Síbẹ̀, gbogbo ayé dìde dúró tì í, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí kò gbọ́ orúkọ Equatorial Guinea rí sì gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí a wá fi ojú inú wo ọ̀ràn náà bí ó bá jẹ́ pé wọ́n ti kọ IOA sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀ nítorí ìjà àwọn àgbààgbà kan ní ilé. Kí ni ìbá kù? Ọkùnrin kan tí kò mọ omi lú dáadáa, tí kò sì ti ibì kankan wá. Orúkọ ìlú rẹ̀ ni ó sọ ìjàkadì rẹ̀ di iyì.

Ohun tí ó tún ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yìí ni orúkọ tí wọ́n fi rọ́pò èyí tí wọ́n gbà. Olómìnira! Àwọn àgbà sọ pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ìjánu wo ni èyí? Ẹni tí a lé kúrò ní agbo ilé rẹ̀ kò di olómìnira. Aláìnílé ni ó dà. Òmìnira ni kí ènìyàn ní ilé, kí ó sì lè jáde kúrò níbẹ̀ bí ó bá wù ú. Ẹni tí a já gbà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀, tí a sì wọ̀ ní aṣọ tuntun, ní èdè tiwa, a mọ orúkọ tí à ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ láyé àtijọ́, kì í sì í ṣe olómìnira. Bí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹni níyà, kí wọ́n jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe fi orúkọ ẹ̀bùn pe ìyà.

Ẹnìkan lè dá mi lóhùn pé orúkọ tí a gbà, a óò dá a padà. Kí eléré ṣe sùúrù. Ẹni tí ó ń sọ èyí kò mọ ohun tí ara òmùwẹ̀ jẹ́. Àga olórí àjọ lè dúró de olórí àjọ fún ogún ọdún. Bí ó bá jókòó sí i ní ẹni àádọ́ta ọdún tàbí àádọ́rin ọdún, kò sí ìyàtọ̀. Ara kì í dúró. Òmùwẹ̀ a máa jí ní ìdájí fún ọ̀pọ̀ ọdún nítorí ìdíje 50 mítà tí kò gba ìdajì ìṣẹ́jú, ẹ̀ẹ̀kan ní ọdún mẹ́rin sì ni Òlíńpíìkì ń wáyé. Láti oṣù kẹwàá ọdún 2015 títí di ọdún 2019 jẹ́ nǹkan bí ọdún mẹ́rin. Fún àwọn tí ń jà ní ọ́fíìsì, àkókò ìjà ni. Fún òmùwẹ̀, ó lè jẹ́ gbogbo ìgbà tí agbára rẹ̀ fi wà ní góńgó.

Ọ̀rọ̀ ará Íńdíà kan fi èyí hàn kedere, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orí yìnyín ni tirẹ̀, kì í ṣe inú omi. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012 ni wọ́n jáwèé gbélé-ẹ fún ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Íńdíà, nítorí ìdìbò tí wọ́n ṣe ní ọ̀nà tí kò tọ́. Nígbà tí Òlíńpíìkì ìgbà òtútù bẹ̀rẹ̀ ní Sochi, ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà, ní oṣù kejì ọdún 2014, eléré mẹ́ta láti Íńdíà tẹ̀ lé àsíá Òlíńpíìkì wọlé. Shiva Keshavan, tí ń sáré lórí ọkọ̀ yìnyín, parí ìdíje tirẹ̀ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù náà. Ọjọ́ náà gan-an ni àwọn àgbààgbà ní ilé ṣe ìdìbò tuntun. Ní ọjọ́ kọkànlá, wọ́n tú ìdè, lẹ́yìn náà ni wọ́n sì fa àsíá Íńdíà sókè ní abúlé àwọn eléré. Ọjọ́ méjì péré! Àwọn tí ó ṣẹ̀ ní gbogbo ọdún 2013 láti tún ilé wọn ṣe. Keshavan kò ní ju ìṣẹ́jú bíi mélòó kan lọ lórí yìnyín, ìṣẹ́jú wọ̀nyẹn ni a sì gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé n kò gbọ́ àwíjàre àwọn alákòóso àgbáyé. Wọ́n ní bí a bá jẹ́ kí ìjọba máa yan ẹni tí ó bá wù ú sí orí àjọ eré ìdárayá, eré yóò di ẹrú òṣèlú. Òótọ́ ni. Èmi náà kò fẹ́ kí mínísítà máa pàṣẹ ẹni tí yóò lúwẹ̀ẹ́. Wọ́n tún ní bí ìyà kò bá dé ibi tí gbogbo ayé yóò ti rí i, kò sí ìjọba tí yóò kà á sí. Níhìn-ín ni mo ti yà kúrò lọ́dọ̀ wọn, nítorí pé ìtàn tí wọ́n fúnra wọn kọ kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Wọ́n mú àwọn eléré Kùwéètì ní èmú ní ọdún 2010; ìjà náà padà wá ní ọdún 2015. Bí ìyà àkọ́kọ́ bá kọ́ ẹni tí ó ṣẹ̀ lọ́gbọ́n, kí ni èkejì wá ṣe? Ẹni tí ó ṣẹ̀ kò jẹ ìyà ni kò ṣe kọ́gbọ́n.

Ẹni tí ó bá sọ pé Íńdíà kọ́gbọ́n ní tirẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wádìí ohun tí ó yanjú ọ̀ràn náà. Ohun tí Ìgbìmọ̀ Òlíńpíìkì Àgbáyé takú lé lórí ni pé ẹnikẹ́ni tí ìjọba ti pè lẹ́jọ́ lórí ìwà ọ̀daràn kò gbọ́dọ̀ du ipò nínú ìgbìmọ̀ náà. Nígbà tí àwọn ará Íńdíà kọ èyí sínú òfin wọn ní oṣù kejìlá ọdún 2013, ọ̀nà là. Ẹnu ọ̀nà ta ni òfin yẹn jókòó sí? Ẹnu ọ̀nà àwọn tí ó jẹ gbèsè gan-an. Ológò ni ó gba owó náà, kì í ṣe èmú. Eléré mẹ́ta tí a gba àsíá lọ́wọ́ wọn ní Sochi kò fi kọ́bọ̀ kan kún un.

Kí ẹ̀yin òǹkàwé mi má sì rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè tí kò kàn wá ni èyí. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹwàá ọdún 2010, FIFA dá àjọ bọ́ọ̀lù Nàìjíríà dúró, wọ́n sì tú ìdè náà lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù keje ọdún 2014, wọ́n tún dá a dúró, nítorí pé ilé ẹjọ́ àti mínísítà ti dá sí ọ̀rọ̀ àjọ náà. Ìdíje ife àgbáyé àwọn obìnrin tí kò ju ogún ọdún lọ yóò bẹ̀rẹ̀ ní Kánádà ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹjọ, FIFA sì ti kìlọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ kò bá yanjú, àwọn ọmọbìnrin Nàìjíríà kò ní lọ. Ní ti bọ́ọ̀lù, kò tilẹ̀ sí àsíá àánú. Ẹgbẹ́ tí kò ní orílẹ̀-èdè kò lè wọ pápá. Ọjọ́ kejìdínlógún oṣù keje ni wọ́n tú ìdè náà. Àwọn ọmọ wa lọ, wọ́n dé ìparí ìdíje, Jámánì ni ó fi ẹyọ góòlù kan borí wọn. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú, ni ó gba ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù tí ó dára jùlọ àti ti ẹni tí góòlù rẹ̀ pọ̀ jùlọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì àti àbọ̀ ni ó wà láàrin ọjọ́ tí ìdè tú àti ọjọ́ tí ìdíje bẹ̀rẹ̀. Bí àwọn àgbààgbà bá ti takú fún oṣù kan sí i, ẹ̀bùn méjèèjì ìbá di ti ẹlòmíràn, a kì bá sì tilẹ̀ mọ ohun tí a pàdánù. Àwọn tí ó dá ìjà sílẹ̀ ìbá sì wà ní ọ́fíìsì wọn, wọn ìbá máa mu tíì.

Ẹ̀bi náà kò wá mọ sí ọ̀dọ̀ àjọ àgbáyé nìkan. Ní ilé, ìjọba àti àwọn olórí àjọ a máa jà bí ẹni pé orílẹ̀-èdè ni wọ́n ń jà fún, nígbà tí ó jẹ́ pé àga, ìwé ìrìnnà àti owó àjò ni ó wà nídìí rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá bàjẹ́, ọmọ ọlọ́mọ ni a óò mú. Ẹni tí ó mọ̀ pé a kò ní wá sí ẹnu ọ̀nà òun, kí ni yóò dẹ́rù bà á? Èyí ni èmú fi burú ju ìnira tí ó ń kó bá ẹni tí a mú lọ: ó ń fi ajigbèsè lọ́kàn balẹ̀.

Àwọn mìíràn tún wà tí wọ́n máa ń jókòó sí ilé, tí wọ́n á ní eléré tí ó bá lọ lábẹ́ àsíá àjèjì ti ta orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ọ̀rọ̀ òmùgọ̀ ni. Ta ni ó ta a? Ẹni tí ó jà títí àsíá fi bọ́ lọ́wọ́ gbogbo ìlú ni, àbí ẹni tí ó gbé ara rẹ̀ lọ síbẹ̀ láìní àsíá kí àwọn ènìyàn rẹ̀ má baà pàdánù ohun gbogbo? Al-Deehani kọ̀ láti gbé àsíá tí kì í ṣe tirẹ̀, ó sì tún yìnbọn gba wúrà. Kò sí ẹni tí yóò sọ fún mi pé ọkùnrin náà kò mọ ilé rẹ̀. Òmùwẹ̀ tí ó bá lọ, ó tọ̀nà. Èyí tí ọkàn rẹ̀ bá kọ̀ tí kò sì lọ, òun náà tọ̀nà. Àwọn tí ó gbé wọn sí oríta náà ni kí a bi léèrè.

Kí a má sì da ọ̀rọ̀ méjì pọ̀. Bí orílẹ̀-èdè kan bá ń fún àwọn eléré rẹ̀ ní oògùn tí ń mú ara le, tí ìjọba sì lọ́wọ́ sí i, tàbí bí ó bá gbé ogun lọ bá aládùúgbò rẹ̀, bí a ti rí i nínú ọ̀ràn Rọ́ṣíà ní ọdún àìpẹ́ yìí, àríyànjiyàn mìíràn ni ìyẹn. Níbẹ̀, orúkọ orílẹ̀-èdè náà gan-an ni ohun tí a fi ṣe ibi, ó sì lè tọ́ kí a fi í pamọ́ fún ìgbà kan. Ìjà lórí ẹni tí yóò jókòó sí orí àga àjọ kò rí bẹ́ẹ̀. Orúkọ Kùwéètì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ní Rio.

Kí ni mo wá ń fẹ́ kí a ṣe? Mo fẹ́ kí a padà sí ọ̀dọ̀ ológò. Bí àjọ kan bá ṣẹ̀, kí a kọ orúkọ àwọn olórí rẹ̀ jáde ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ayé rí i. Kí a gba ìwé ìwọlé lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n má ṣe dé ibi ìdíje, kí wọ́n má ṣe dé òtẹ́ẹ̀lì tí a fi owó eré san, kí wọ́n má ṣe jókòó sí àga ọlá. Kí a gba ìbò wọn nínú àjọ àgbáyé. Kí mínísítà tí ó dá ìjà sílẹ̀ mọ̀ pé kò sí ibi ìdíje kankan ní àgbáyé tí yóò ti ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún òun. Kí a dá owó tí ó yẹ kí ó gba ọwọ́ àjọ kọjá dúró, ṣùgbọ́n kí a san ti òmùwẹ̀ àti ti olùkọ́ rẹ̀ fún wọn tààrà. Kí a fi ìgbìmọ̀ kékeré kan ṣe olùtọ́jú ìwé ìforúkọsílẹ̀ àwọn eléré títí ilé yóò fi tún ṣe. Lẹ́yìn èyí, kí a jẹ́ kí òmùwẹ̀ wọlé pẹ̀lú àsíá rẹ̀, kí olùkéde sì pe orúkọ ilẹ̀ rẹ̀ bí ó ti ń pe ti àwọn yòókù.

Àwọn kan yóò ní àsíá jẹ́ ti àjọ, nítorí náà ó bá àjọ lọ. Irọ́ ni. Àjọ kò dá orílẹ̀-èdè sílẹ̀. Àjọ jẹ́ ìránṣẹ́ tí a rán ní iṣẹ́. Bí ìránṣẹ́ bá jalè lọ́nà, ṣé a óò sọ pé kí ẹni tí ó rán an má jẹ́ orúkọ rẹ̀ mọ́? Àsíá jẹ́ ti àgbẹ̀, ti apẹja, ti ìyá tí ń jí ọmọ rẹ̀ ní ìdájí kí ó lè dé adágún kí oòrùn tó là. Kò sí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó ní ìlú Lausanne tí ó lè gbà á lọ́wọ́ wọn nítorí ìwà ènìyàn bíi mélòó kan.

Àwọn baba wa mọ ológò, wọ́n mọ èmú, ìrírí sì kọ́ wọn èyí tí ń gba gbèsè àti èyí tí ń ba ọ̀nà ọjà jẹ́. Kí ológò lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà ẹni tí ó jẹ gbèsè. Kí a jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ máa bá ọ̀nà rẹ̀ lọ, pẹ̀lú orúkọ tí a sọ ọ́ ní ilé.